Bíìtì Tó Gùn Tó sì Tín-ín-rín

"Bàbá, sikúrù ẹlẹ́nu wo lẹ fi dè é?"

Ọ̀gá Tùhámì kò dáhùn. Ó jókòó sórí àga tí wọ́n gbé sí ẹnu ọ̀nà yàrá, ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ sùn sórí itan rẹ̀ bí ọwọ́ àlejò, ètè rẹ̀ wọ́ sí apá kan, ojú rẹ̀ méjèèjì sì dúró sára ọmọ rẹ̀. Láti ìgbà tí ẹ̀gbà ti kọlù ú lẹ́yìn ààwẹ̀ tó kọjá ni ọ̀rọ̀ ti wọ inú rẹ̀ lọ tí kò jáde mọ́. Dókítà ní ó ń gbọ́. Ó mọ gbogbo ẹni tó bá wọlé tọ̀ ọ́. Ṣùgbọ́n láàárín ohun tó mọ̀ àti ẹnu tó yẹ kó fi sọ ọ́, afárá ti já.

Lábíbù gbé dírílì oníbátìrì rẹ̀ sókè kí bàbá rẹ̀ lè rí i dáadáa.

"Ṣé oníràwọ̀ ni? Àbí pẹlẹbẹ? Bó bá jẹ́ oníràwọ̀, ẹ ṣẹ́jú lẹ́ẹ̀kan, ẹ jọ̀ọ́."

Bàbá ṣẹ́jú. Ó tún ṣẹ́jú. Ó ṣẹ́jú lẹ́ẹ̀kẹta, omi sì rọra ṣàn wálẹ̀ láti ojú òsì, bó ti máa ń ṣàn lójoojúmọ́ láti ìgbà àìsàn náà.

"Ọ̀gá Lábíbù, ẹ fi bàbá yín lọ́rùn sílẹ̀ o," ni Rájábù alábàárù wí. Ó fẹ̀yìn ti ògiri, ó ń fi búrẹ́dì nu ẹ̀wà láti inú abọ́ ike. "Ojú ló ń yún wọn. Bí ẹ bá ní kí wọ́n máa fi ìṣẹ́jú sọ̀rọ̀, orí gbogbo wa ni ilé yìí máa wó lé."

Kọ́bọ́ọ̀dù aṣọ kan ló dá gbogbo ìdààmú yìí sílẹ̀. Òun nìkan ló kù nínú yàrá, òun nìkan ló sì kù nínú ilé náà láti òkè dé ìsàlẹ̀. Àwọn ará òkè ti kó lọ, àwọn ará ìsàlẹ̀ ti kó lọ, torí pé ògiri tó kọjú sí odò Náílì ti la ẹnu gbàgà, àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ sì ti fi ọ̀dà pupa sàmì sí i. Ọ̀la ní kùtùkùtù ni katakata yóò wá wó o. Ẹrù Ọ̀gá Tùhámì yòókù ti wà ní ilé Lábíbù, títí kan àpótí irinṣẹ́ rẹ̀, èyí tí Lábíbù ti tú yẹ́bẹ́yẹ́bẹ́ lánàá, tó tún tú láàárọ̀ yìí, tí kò rí nǹkan kan nínú rẹ̀ tó jọ ohun tó ń wá.

Ìgbà tí ìyàwó Ọ̀gá Tùhámì kú ló ti ìsọ̀ rẹ̀ pa, tó kó irinṣẹ́ wá sókè, tó sì bẹ̀rẹ̀ sí í kan kọ́bọ́ọ̀dù yìí nínú yàrá tí obìnrin náà sùn sí títí ó fi kọjá. Ó ní ti Ìnsáàfù ni, ọmọ Lábíbù, ọmọ-ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo. Ó ní lọ́jọ́ tí Ìnsáàfù bá ń lọ ilé ọkọ, kò ní kó aṣọ rẹ̀ sínú páálí tí ilé iṣẹ́ ńlá ń lẹ̀ pọ̀. Inú ohun tí ọwọ́ òun ṣe ni yóò kó o sí. Ó gbẹ́ ewé àjàrà yí adé rẹ̀ ká, ó gbẹ́ àwọn ẹyẹ kéékèèké sí ẹsẹ̀ rẹ̀. Nígbà tó parí, ó ga ju ẹnu ọ̀nà lọ, ó sì fẹ̀ ju fèrèsé lọ. Kò sí ẹni tó torí ìyẹn kọminú. Ohun tí káfíńtà bá tò nínú yàrá, káfíńtà yóò tú u. Òun fúnra rẹ̀ ló sọ bẹ́ẹ̀: "Bí ọjọ́ bá pé, èmi ni n ó tú u." Ìgbéyàwó Ìnsáàfù ti kù sí dẹ̀dẹ̀ báyìí, ọjọ́ ti pé, ẹni tó ní òun yóò tú u sì ń wò wọ́n láti orí àga.

Ẹni tí kì í bá ṣe ọmọ Dùmíyátì lè béèrè pé, kí ló dé tí èèyàn yóò fi de nǹkan tó bẹ́ẹ̀ tí ọmọ bíbí inú rẹ̀ kò fi ní mọ bí wọ́n ṣe ń tú u? Ṣùgbọ́n Dùmíyátì ni ìlú yìí. Bí o bá sọ òkúta níbẹ̀, orí káfíńtà ni yóò bà. Bí ẹnì kan bá ṣe irú bẹ́ẹ̀dì tuntun lónìí, tí aládùúgbò rẹ̀ sì rí ibi tó ti de é, kó tó di Jímọ̀ tó ń bọ̀, bẹ́ẹ̀dì náà ti dúró níwájú ìsọ̀ aládùúgbò, ó sì dínwó ju ti ẹni tó kọ́kọ́ ṣe é lọ. Nítorí náà, oníkálukú ń fi ìdè rẹ̀ pamọ́. Àwọn kan ń fi àtè bò ó, àwọn kan ń fi òdòdó gbígbẹ́ bò ó. Ti Ọ̀gá Tùhámì ló wá burú jù. Ẹ̀gbẹ́ igi ló máa ń lu wọlé, ihò tóóró tó jìn, tí kò fẹ̀ ju pẹ́ńsùlù lọ. Ìsàlẹ̀ rẹ̀ pátápátá ni yóò de sikúrù sí, yóò wá fi èèkàn igi tí àwọ̀ àti ìlà rẹ̀ bá ara kọ́bọ́ọ̀dù mu dí ẹnu ihò náà. Bó bá sì fẹ́ dè é, yóò ti ilẹ̀kùn. Lábíbù ṣiṣẹ́ lábẹ́ rẹ̀ títí irùngbọ̀n fi hù ú, ìta ilẹ̀kùn náà ló sì máa ń dúró sí. Nígbà tó sú u, ó lọ síbi tí wọ́n ti ń fi ẹ̀rọ ṣe àga lẹ́yìn ìlú. Bàbá rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í sọ fún àwọn èèyàn nílé tíì pé, "Ọmọ mi? Ó wà níbẹ̀ yẹn. Ó ń to páálí."

Láàárọ̀, inú Lábíbù kọ́kọ́ dùn. Ó fi ìka kan ara kọ́bọ́ọ̀dù láti òkè dé ìsàlẹ̀, ó ń tẹ́tí, bí dókítà tó ń gbọ́ àyà aláìsàn, ó sì mọ gbogbo ibi tí èèkàn wà láìfi ojú rí i. Ó yọ wọ́n níkọ̀ọ̀kan láìha igi lára. Rájábù pàápàá ní, "Họ́wù! Ọ̀gá, ògbóǹtarìgì ni ẹ̀yin náà o!" Ìgbà tó wá tan tọ́ọ̀ṣì fóònù sínú ihò àkọ́kọ́ ni ojú rẹ̀ rẹ̀wẹ̀sì. Ìmọ́lẹ̀ kò dé ìsàlẹ̀. Nǹkan kan ń dán fírí níbẹ̀, bí omi nínú kànga, kò sì sí bíìtì kan, irin tí wọ́n ń ki bọ ẹnu dírílì láti fi tú sikúrù, nínú àpò rẹ̀ tó gùn dé ìdajì ọ̀nà.

Ó fi àpò irinṣẹ́ rẹ̀ kọ́ irin ìdìmú ilẹ̀kùn kọ́bọ́ọ̀dù, ó sì sọ̀ kalẹ̀ lọ sí ìsọ̀ Alhájì Bágátì.

Ìsọ̀ Bágátì kò jìnnà. Gbogbo ohun tó ń lu, tó ń gé, tó ń yí ló wà níbẹ̀, àwọn bíìtì sì so mọ́ ògiri láti èyí tó kúrú bí ìka dé èyí tó gùn bí igi ìdáná. Alhájì ń mu tíì dúdú.

"Ta ni mò ń wò yìí? Ọmọ Tùhámì! Bàbá rẹ kì í wo ìsọ̀ mi tó bá ń kọjá, odò ló máa ń wò. Ṣé o ṣìnà ni?"

"Ẹ káàárọ̀, Alhájì. Bíìtì gígùn ni mo wá wò."

"Bàbá ńkọ́?"

"Bákan náà ni."

Bágátì gbé ife tíì sílẹ̀. "Ọlọ́run á fún wọn lálàáfíà. Gígùn tó báwo?"

Lábíbù na apá, ó fi ìka hàn láti ìgúnpá rẹ̀ títí kan ọrùn ọwọ́.

"Háà! Ẹ̀fọ́rí ni bàbá rẹ, kì í ṣe káfíńtà. Ó dáa. Ẹnu wo?"

"Mi ò mọ̀."

"O ò mọ̀." Bágátì yíjú sí ògiri bí ẹni pé ẹnì kan jókòó síbẹ̀. "Ó wá ra bàtà, wọ́n ní ẹsẹ̀ rẹ̀ dà, ó ní òun fi sílé." Síbẹ̀ ó dìde, ó bẹ̀rẹ̀ sí í já àwọn tó gùn lọ́kọ̀ọ̀kan. "Wò ó, ohun mẹ́ta ni. Ẹnu, gígùn, àti bó ṣe sanra tó. Àwọn èèyàn máa ń wo gígùn nìkan. Tó bá gùn tí kò lágbára, yóò máa lọ́ bí okùn, ọwọ́ rẹ ń yí lókè, òun ò yí nísàlẹ̀. Tó bá lágbára tó sì sanra, kò ní wọlé. Tó bá wọlé, tí ẹnu rẹ̀ kò bá orí sikúrù mu, yóò jẹ orí náà dànù ni, ó di pé kò sẹ́ni tó lè tú u mọ́ láyé. Méjì yìí, o rí wọn? Oníràwọ̀ ni àwọn méjèèjì. Ìbejì ni wọ́n. Ṣùgbọ́n ìyàwó Táíwò kò ní ṣílẹ̀kùn fún Kẹ́hìndé. Má tẹ̀ ẹ́ o! Kọ́kọ́ fi ọwọ́ yí i. Tó bá ń yọ̀, fà á jáde."

"Mo gbọ́, Alhájì."

"Kó gbogbo ẹ̀ lọ. Èyí tí kò bá wọlé, dá a padà. Má sọ fún bàbá rẹ pé ọwọ́ mi ló ti wá. Ìbínú lè mú un sọ̀rọ̀." Ó rẹ́rìn-ín, ó sì tún gbé ife tíì rẹ̀. "Tàbí kí o sọ fún un. Bóyá yóò sọ̀rọ̀ lóòótọ́."

Oníràwọ̀ àkọ́kọ́ wọlé dé ìsàlẹ̀. Lábíbù fi ọwọ́ yí i. Ó yọ̀. Ìkejì yọ̀. Pẹlẹbẹ náà yí gbirigbiri láìgbá nǹkan kan mú. Èyí tó ní igun mẹ́fà kò tilẹ̀ jókòó, ó ń mì lórí sikúrù bí ọmọ tó gun ẹ̀yìn màlúù. Ó dán wọn wò ní ihò kìíní, ó dán wọn wò ní gbogbo ihò yòókù, bóyá ọ̀kan nínú wọn á yàtọ̀. Kò sí èyí tó yàtọ̀. Bàbá rẹ̀ ń wò ó. Ìgbàkigbà tó bá gbójú sókè, ojú yẹn ló máa ń bá pàdé, kò sì lè sọ bóyá ẹ̀dùn ló wà níbẹ̀ tàbí ẹ̀rín.

"Ọ̀gá," ni Rájábù pè, "ṣé ẹ ò lè ti ilẹ̀kùn mọ́ra yín bíi ti bàbá? Bóyá ilẹ̀kùn ló ń tú u."

"Rájábù, jẹ ẹ̀wà rẹ."

"Ẹ̀wà ti tán. Ìyẹn ni mo ṣe ń sọ̀rọ̀."

Ìnsáàfù, tó ń fi aṣọ rírọ̀ nu ojú bàbá rẹ̀ àgbà, rẹ́rìn-ín díẹ̀. Ó ti wà níbẹ̀ láti òwúrọ̀, kò tíì sọ ohun kan nípa kọ́bọ́ọ̀dù náà. Ìyẹn gan-an ló ń gún Lábíbù lọ́kàn. Bí ọmọ náà bá ń sunkún, ìbá mọ ohun tí yóò sọ.

Lábíbù jókòó sílẹ̀, ó kọjú sí àwọn ihò náà. Bí ojú kò bá lè dé ìsàlẹ̀, kí ló lè lọ síbẹ̀ kó sì padà wá jẹ́ iṣẹ́ ohun tó rí? Ó ronú títí. Ó wá bi Ìnsáàfù bóyá wọ́n ti kó ọṣẹ ìfọṣọ inú ilé ìdáná lọ. Ègé kan ṣì wà lẹ́bàá ẹ̀rọ omi. Ó fi omi rọ̀ ọ́, ó fi ọwọ́ pò ó títí tó fi rọ̀ bí ìda, ó mọ ọ́n mọ́ orí ọ̀pá tín-ín-rín kan, ó sì rọra tì í wọ inú ihò bí ẹni tó ń fi oògùn sí ọmọ létí. Ó tẹ̀ ẹ́. Ó ka ẹ̀mí rẹ̀ díẹ̀. Ó fà á jáde.

Lórí ọṣẹ náà, àwòrán ẹnu sikúrù ti yọ jáde, kékeré, ó mọ́ rekete. Igun mẹ́rin.

"Igun mẹ́rin ni!" Ó dìde, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣubú lu Rájábù. "Bàbá, igun mẹ́rin ni! Àbí bẹ́ẹ̀ kọ́?" Ó gbé ọ̀pá náà sún mọ́ ojú bàbá rẹ̀. Apá ètè tó ṣì ń gbọ́ràn gbéra díẹ̀. Ìnsáàfù rí i, ó fi ọwọ́ bo ẹnu. Fún ìwọ̀n ìgbà tí èèyàn lè fi mu omi ife kan, gbogbo wọn ló láyọ̀ nínú yàrá náà, Rájábù sì ń na ọwọ́ rẹ̀ bí ẹni tó fẹ́ gbé ẹrù.

Lábíbù kò rìn padà sí ìsọ̀ Bágátì. Ó sáré ni.

"Igun mẹ́rin?" Alhájì wo ọṣẹ náà, ó gbọn orí. "Bàbá rẹ ò ní pa èèyàn. Èyí ò wọ́pọ̀ lọ́dọ̀ wa. Ẹni tó bá lò ó mọ̀-ọ́n-mọ̀ fẹ́ kí ojú ti ọ̀tá ni." Ó ṣí dúrọ́ọ̀ kan, ó tún ṣí òmíràn, ó mú bíìtì onígun mẹ́rin kan jáde. Kò gùn ju ìka àárín lọ.

Lábíbù fi ẹnu rẹ̀ kan ojú ọṣẹ náà. Ó wọ̀ ọ́ bí òrùka.

"Èyí náà ni. Gígùn rẹ̀ ńkọ́?"

"Gígùn rẹ̀ kò sí."

"Ní gbogbo Dùmíyátì?"

"Èmi ni gbogbo Dùmíyátì. Mo lè ránṣẹ́ sí Káírò. Bí wọ́n bá rí i lónìí, ọ̀tunla ni yóò dé."

"Ọ̀la ni katakata ń bọ̀, Alhájì."

Bágátì yíjú sí ògiri. Ó mú ọ̀pá ìfikún kan láti ara ògiri, èyí tí wọ́n máa ń ki bíìtì kúkúrú bọ̀ lórí kó lè gùn. Ó gùn dáadáa. Ṣùgbọ́n orí rẹ̀ tó ń gba bíìtì náà tóbi bí àtàǹpàkò, ihò Ọ̀gá Tùhámì kò sì fẹ̀ ju pẹ́ńsùlù lọ. Kò sí ìdí láti gbé e délé kí wọ́n tó mọ̀. Alhájì gbé bíìtì kúkúrú náà sọ́wọ́ kan, ó gbé ọ̀pá náà sí ìkejì, ó ń wò wọ́n.

"Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ," ló wí, "ti àgbàlagbà kò wọ akèrègbè. Ohun tí àwọn àgbà ń sọ nìyí. Níbo ni bàbá rẹ ti rí tirẹ̀?"

"Ó ní láti jẹ́ pé òun ló rọ ọ́."

"Ó wà nílé nìyẹn."

"Alhájì, mo ti tú gbogbo ilé. Mo tú ibi tí wọ́n ń kó ìkòkò sí. Mo tú abẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Mo tú àpò aṣọ wọn tó ti gbó. Kò sí."

"Òun rọ tirẹ̀ nígbà náà. Ìwọ náà rọ tìrẹ."

Wọ́n jọ wọ ẹ̀yìn ìsọ̀. Bágátì tan ẹ̀rọ òkúta tí wọ́n fi ń lọ irin, Lábíbù sì mú oníràwọ̀ tó gùn jù, ó bẹ̀rẹ̀ sí í lọ ẹnu rẹ̀ kó lè di onígun mẹ́rin. Iná ń ta pàrà sí i láṣọ. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, Alhájì ń pariwo bí ẹni tó ń kọ́ ọmọ ní ọkọ̀ wíwà: "Rọra! Rọra ni mo wí! Má jẹ́ kí irin yẹn gbóná jù. Bí àwọ̀ rẹ̀ bá ti dà bí ọrùn ẹyẹlé báyìí, agbára rẹ̀ ti lọ nìyẹn. Tì í bọ omi! Tì í bọ̀ ọ́!" Lábíbù tì í bọ omi, ṣùgbọ́n ọkàn rẹ̀ ń sáré, ọwọ́ rẹ̀ ń tẹ̀lé ọkàn. Nígbà tó parí, ẹnu bíìtì náà ní igun mẹ́rin lóòótọ́. Àwọ̀ ọrùn ẹyẹlé tín-ín-rín kan sì wà lẹ́yìn rẹ̀. Alhájì rí i. Òun náà rí i. Kò sẹ́ni tó dárúkọ rẹ̀ nínú wọn.

Ó bá òṣìṣẹ́ ìjọba ìbílẹ̀ kan nínú yàrá nígbà tó padà dé, ọkùnrin kan tó so kọ́kọ́rọ́ mọ́ ìgbànú. Rájábù ti ń bá a fa ọ̀rọ̀.

"Mo ní kí gbogbo yín jáde láti ìgbà ìrun ọ̀sán, Súhùrù," ni ọkùnrin náà wí. "A ti pe ìrun ìrọ̀lẹ́, Ásárì. Bí oòrùn bá wọ̀, mò ń ti géètì. Mi ò fẹ́ kí ògiri wó pa ẹnikẹ́ni lọ́wọ́ mi."

"Kí ló ń le yín, ọ̀gá wa?" ni Rájábù dáhùn. "Ilé ọ̀hún ti dúró kí wọ́n tó bí bàbá yín. Ṣé ìrọ̀lẹ́ òní ló máa wá wó?"

"Ìwọ, tó bá wó lù ọ́, ta ni wọn yóò bi?"

"Ẹ̀yin ni. Ẹ kúkú máa sọ pé ẹ ò mọ̀ mí."

Ọkùnrin náà fẹ́ bínú, ó rí Ọ̀gá Tùhámì lórí àga, ó kí i, ó sì sọ̀ kalẹ̀.

Lábíbù ki bíìtì náà bọ dírílì, ó tì í wọ inú ihò. Ó fi ọwọ́ yí i. Kò yọ̀. Fún ìgbà àkọ́kọ́ láti àárọ̀, nǹkan kan nísàlẹ̀ ihò gbá a mú ṣinṣin bí ẹni tó bọ èèyàn lọ́wọ́. Ó wo Ìnsáàfù. Ó wo bàbá rẹ̀. Ó rọra tẹ dírílì.

Irin náà kígbe kékeré kan. Dírílì yí, ọwọ́ Lábíbù yí tẹ̀lé e, lẹ́yìn náà ni gbogbo rẹ̀ tú lójijì, ó ń yí lófìfo. Ó fà á jáde. Ìdí bíìtì náà ti lọ́ bí okùn, ẹnu rẹ̀ kò sì sí níbẹ̀ mọ́. Ó ti kán sínú orí sikúrù náà, ó dí i pa. Ihò yẹn ti di ti títí láé.

Ọkọ̀ ojú omi kan ń fun fèrè lórí odò.

Lábíbù ti lọ òmíràn bí àkọ́kọ́ kó tó kúrò ní ìsọ̀ Bágátì. Ó ki í bọ ihò kejì, ó sì fi ọwọ́ nìkan yí i, kò fi dírílì tẹ̀ ẹ́. Ó lọ́ bí ewé. Ó fà á jáde kó tó kán, ó sì gbé e sílẹ̀ lẹ́bàá ẹsẹ̀ rẹ̀. Gbogbo bíìtì Alhájì Bágátì tò sílẹ̀ níbẹ̀, èyí tó gùn tí ẹnu rẹ̀ kò bá a mu, èyí tí ẹnu rẹ̀ bá a mu tí kò gùn, èyí tó gùn tó sì bá a mu tí kò lágbára. Kò tún mọ ohun tó kàn. Ó ti lé ọgbọ́n títí ọgbọ́n fi dé etí odò.

"Ọ̀gá Lábíbù," ni Rájábù wí, ohùn rẹ̀ sì ti rẹlẹ̀, kò fi ṣe yẹ̀yẹ́ mọ́. "Igi ni. Ẹ gé e. Ẹ ó rí pákó rẹ̀ kó, ẹ ó sì fi kan òmíràn fún ọmọ yín. Tí a bá fi sílẹ̀ títí di ọ̀la, katakata ò ní mọ̀ pé àjàrà ni wọ́n gbẹ́ sí i lórí."

"Mo mọ̀."

"Ṣé kí n lọ gbé ayùn wá nínú ọkọ̀?"

Rájábù lọ gbé e wá, pẹ̀lú àkàbà kékeré kan.

Lábíbù kúnlẹ̀ níwájú àga. Ó mú ọwọ́ ọ̀tún bàbá rẹ̀, èyí tí kò mọ nǹkan kan mọ́, ó fi ẹnu kò ó, ó sì gbé e lé orí ara rẹ̀. "Bàbá, ẹ dárí jì mí. N ò rí i tú." Ó fẹ́ kí ojú yẹn bínú sí òun. Ó fẹ́ kó pe òun ní atopáálí. Ojú náà ń wò ó, omi ń ṣàn láti ara òsì, kò sì sí bí èèyàn ṣe lè mọ èwo ni ẹkún nínú rẹ̀ àti èwo ni àìsàn.

Ó gun àkàbà, ó gbé ayùn lé adé kọ́bọ́ọ̀dù, ní ibi tí ewé àjàrà méjì ti pàdé. Ó fà á lẹ́ẹ̀kan. Ó fà á lẹ́ẹ̀kejì. Lẹ́búlẹ́bú igi pupa bẹ̀rẹ̀ sí í dà sí ilẹ̀, òórùn rẹ̀ sì gba yàrá, bí òórùn ìsọ̀ bàbá rẹ̀ láyé àtijọ́. Ohùn kan wá jáde láti orí àga. Kì í ṣe ọ̀rọ̀. Ohùn tó nípọn ni, tó ń ti inú jáde tí ọ̀nà ọ̀fun kò fẹ́ gbà fún un, "Ùn, ùn, ùn," bí ẹni tí wọ́n fi ìrọ̀rí bò lẹ́nu. Lábíbù di ojú, ó ń fa ayùn. Ó fà á títí tó fi wọlé ní ìbú ọwọ́.

"Bàbá mi, ẹ dúró ná!"

Ìnsáàfù ni. Ó ti dìde, ó di àkàbà mú.

"Mi ò ní kí ẹ má gé e. Ẹ kàn bá mi yọ irin ìdìmú ilẹ̀kùn yẹn kí ó tó bàjẹ́. Mo fẹ́ mú un lọ sílé mi. Ibi tí ọwọ́ Bàbá Àgbà máa ń dì mú nìyẹn. Mo lè fi kọ́ ìnura."

Lábíbù sọ̀ kalẹ̀. Ó já àpò irinṣẹ́ rẹ̀ kúrò lára irin náà. Irin gígùn kan ni, tí wọ́n kùn ní àwọ̀ wúrà, ó dúró gbọọrọ láàárín etí igi méjì tí Ọ̀gá Tùhámì gbẹ́ bí orí ẹyẹ. Ó wá ibi tí wọ́n ti de é, kò rí sikúrù kankan. Ó dì í mú, ó mì í. Kò sọ̀ kalẹ̀. Ó tì í sókè, ó sì gòkè wẹ́rẹ́, láìjanpata, bí nǹkan tí wọ́n ti fi òróró pa kí ó lè máa gòkè.

Ó wúwo ju ohun tí èèyàn fi ń ṣí ilẹ̀kùn lọ. Nínú àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀, lábẹ́ ọ̀dà wúrà náà, ó ń fi ọwọ́ mọ ojú mẹ́fẹ̀ẹ̀fà irin náà, bí ó ti máa ń mọ̀ ọ́n nídìí bíìtì gbogbo tó ti ki bọ dírílì láti ọdún pípẹ́ wá. Kò sanra ju pẹ́ńsùlù lọ. Ó gùn láti ìgúnpá rẹ̀ títí kan ọrùn ọwọ́.

Ó fà á tán kúrò nínú orí ẹyẹ ìsàlẹ̀. Ọ̀dà wúrà kò dé ẹnu rẹ̀. Irin lásán ló wà níbẹ̀, ó dúdú, ó mọ́, ó ní igun mẹ́rin.